Ẹ Má Jẹ́ Kí Àlọ́ Kú Mọ́ Àwọn Ọmọ Wa Lẹ́nu

Ẹ̀yin ará Inísà, ẹ̀yin ará Ìkìrun àti Òkukù, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú àwọn kan láàrin wa dùn sí i. Wọ́n ní èdè wa ń fa ọmọ sẹ́yìn, wọ́n sì ní èrú àti olè nìkan ni àlọ́ Ìjàpá ń kọ́ni. A ó dá wọn lóhùn.

Ìjàpá bá Ajá lọ jí iṣu lóko olóko. Ajá wa ìwọ̀nba tí agbára rẹ̀ ká, ó sá lọ. Ìjàpá wa iṣu títí kò fi lè rìn mọ́, olóko sì mú un. Ìjàpá kan náà jí èbẹ gbígbóná nílé àna rẹ̀, ó dà á sínú fìlà, ó dé e, orí rẹ̀ sì pá títí di òní. Ọmọ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ gbe orin àlọ́ wọ̀nyí, tí wọ́n sì fi Ìjàpá rẹ́rìn-ín, ti fi ẹnu ara rẹ̀ dá olè lẹ́bi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní, “Ajá tí ó bọ́ ńkọ́?” ìbéèrè tí àgbà ń bi ọmọ gan-an nìyẹn nígbà tí àlọ́ bá parí.

Lóòótọ́, ìgbà mìíràn wà tí Ìjàpá borí. Ó fi oyè ọba tan Erin wọ ìlú. Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí kòtò, wọ́n ní kí Erin gorí ìtẹ́, ó sì já sínú rẹ̀. Erin ni ẹ̀kọ́ náà bá wí. Ọmọ tí a bá fi àlọ́ yìí tọ́, bí ó bá dàgbà tí ẹnikan gbé àpò ìrẹsì wá bá a lọ́jọ́ ìbò, yóò bèèrè ibi tí kòtò wà. Àbí ìdí nìyí tí àwọn kan kò fi fẹ́ kí ọmọ wa gbọ́ ọ?

Wọ́n ní ọmọ tí a fi èdè abínibí kọ́ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àlọ́ pẹ̀lú ti wọ ìwé: Adébóyè Babalọlá ti ṣe àkójọpọ̀ àlọ́ Ìjàpá fún wa láti 1973. Ẹ̀rí wà, ìwé sì wà. Ìfẹ́ ohun tiwa ni ó kù.

Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Odò-Ọ̀tìn àti Ìfẹ́lódùn ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àlọ́, kí wọ́n sì pe àwọn ìyá àgbà wá pa á. Kí ẹ̀yin òbí pẹ̀lú pa tẹlifísọ̀n lálẹ́, kí ẹ pe àwọn ọmọ jọ. Ìjọba lè fagi lé ìlànà. Kò lè fagi lé àlọ́ tí ìyá ń pa fún ọmọ rẹ̀, àfi bí ìyá fúnra rẹ̀ bá dákẹ́.