Wọn Ò Sá, Lílé Ni Wọ́n Lé Wọn

Ìjọba ológun Sani Abacha ni olùjẹ́jọ́. Òun fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1998, kóòtù kankan ò tíì pè é. Ìyẹn ò ní ká má ka ẹ̀sùn rẹ̀ sókè.

Ẹ̀sùn kìíní: wọ́n ti ilẹ̀kùn ìlú mọ́ ọmọ onílùú. Ní 1994, wọ́n gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ Wọlé Ṣóyínká, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, bàbá ẹni 60 ọdún gun ọ̀kadà, ó gba inú igbó já sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Títí dòní la ṣì ń gbọ́ "nígbà tí Ṣóyínká sá lọ". Ẹni tí wọ́n ń dọdẹ rẹ̀ lẹ ń pè ní ojo?

Ẹ̀sùn kejì ló wúwo jù: wọ́n sọ ilé di ibi ikú. Àwọn tí kò lọ, kí ni ojú wọn rí? Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá 1995, àwọn agbébọn wọ ilé Alfred Rewane, ọ̀kan lára àwọn alátakò ìjọba náà, n'Ìkẹjà, wọ́n pa bàbá arúgbó náà. MKO Abíọ́lá wà ní àhámọ́ láti oṣù Kẹfà 1994, torí ó ní òun ló wọlé ìbò ààrẹ June 12. Kúdírátù ìyàwó rẹ̀ kọ̀, kò kúrò l'Ékòó. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1996, wọ́n yìnbọn pa á nínú ọkọ̀. Ta wá ni ọlọ́pàá lọ kó? Àwọn àgbà NADECO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìjọba tiwantiwa, ni, Abraham Adésànyà àti Ayọ̀ Adébánjọ wà lára wọn, àwọn tó ń bá olóògbé ja ìjà kan náà! Ọdún yẹn ni Anthony Enahoro, àgbà NADECO mìíràn tó ti lé ní 70 ọdún, fi ìlú sílẹ̀. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀: ó ti sá àsálà ní 1962, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì dá a padà ní 1963 kó wá ṣẹ̀wọ̀n. (Ìjọba alágbádá ló ni tìyẹn o, ká má bò ó.)

Ẹ̀sùn kẹta: wọ́n ń fi ará ilé ṣe ìdógò. Dàpọ̀ Ọlọ́runyọmí, akọ̀ròyìn, ti wà l'Amẹ́ríkà tí ọwọ́ wọn ò tó o. Ní 1997 wọ́n mú Ladi ìyàwó rẹ̀ tì mọ́lé.

Ìkẹrin ò gba àlàyé. Lóṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba, tí ikú ń bẹ nídìí rẹ̀, kan Ṣóyínká àti àwọn míì tí wọ́n ti lé jìnnà.

Ìkẹyìn kì í ṣe ti òkú. Lóṣù Kejì 2014, ìjọba Goodluck Jonathan to orúkọ 100 èèyàn tó fẹ́ dá lọ́lá, torí Nàìjíríà pé 100 ọdún. Orúkọ Ṣóyínká wà níbẹ̀. Ti Abacha náà wà níbẹ̀. Ṣóyínká dá tirẹ̀ padà. Àwọn tó kọ orúkọ méjèèjì sínú ìwé kan ṣì wà láyé, wọ́n lẹ́nu, kí wọ́n wá fèsì.