Ẹ Jẹ́ Ká Máa Tètè Jẹ́wọ́ Ẹ̀bi Wa

Ọ̀rọ̀ àṣìṣe ni mo bá wá. Kò sẹ́ni tí kì í ṣì í ṣe. Irọ́ tá a fi ń bò ó mọ́lẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ àti ilé wa jẹ́.

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la. Ọmọọṣẹ́ ti gé apá bùbá kúrú. Ìyá tó ni léèsì dé, ọ̀gá ní, "Mọ̀mí, aṣọ yín ni ò tó o. Ẹni tó tà á fún yín ló rẹ́ yín jẹ ní yáàdì." Ìyá náà á bá gba ọjà lọ, á lọ bá ẹni ẹlẹ́ni fa wàhálà. Kí ọ̀rọ̀ tó yanjú, òde ti kọjá, oníbàárà méjì tó ti ń bára wọn ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ti dọ̀tá. Ká ní ọ̀gá sọ pé, "Ẹ má bínú, Mọ̀mí, àwa la gé e kúrú, a ó wá irú ẹ̀ fi kún un, owó ẹ̀ ò kàn yín," ìyá náà á pariwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n á rí bùbá wọ̀ jáde.

Mi ò dá ọmọọṣẹ́ yẹn lẹ́bi tán o, bí òun náà bá dákẹ́. Nígbà tí áyọ́ọ̀nù jó aṣọ mọ́ ọn lọ́wọ́ níjọ́sí, òun fúnra ẹ̀ ló lọ sọ fún ọ̀gá. Wọ́n gbá a létí, wọ́n sì ní kó kúnlẹ̀ síta lójú àwọn oníbàárà. Àwọn baba wa ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Láyé òde òní, ẹni tó jẹ́wọ́ ló ń pẹ́ jù lórí ìkúnlẹ̀, ẹni tó purọ́ ti lọ jẹun. Ẹ̀yin ọ̀gá, irú ìyà báyìí ló ń kọ́ wọn nírọ́.

Ti ilé ńkọ́? Ẹran dín nínú ìkòkò, bàbá na àkọ́bí, àṣé àbúrò ló jẹ ẹ́. Kí ni bàbá ṣe? Ó ra súyà wálé lálẹ́, ó fà á lé ọmọ lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan. Súyà kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. "Ọmọ mi, má bínú, mo ṣì ọ́ nà": ẹ wò ó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní kí fìlà já bọ́ lórí ẹnikẹ́ni.

Àtúnṣe náà nílò ìgboyà. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2010, ní Durban, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Gúúsù Kòríà gbá bọ́ọ̀lù ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, Yakubu Aiyegbeni wà níwájú àwọ̀n tó ṣófo, ó gbá bọ́ọ̀lù síta. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, a rí pẹnáritì. Yakubu yìí kan náà ló gbá a, ó sì wọlé. Ayò parí sí 2–2, a sì padà wálé. Títí dòní, àṣìgbá yẹn nìkan làwọn èèyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò bá wọn ṣe é. Ẹsẹ̀ ẹlòmíì ì bá ti máa gbọ̀n.

Àmọ́ ká tún un ṣe láìyí ọwọ́ padà, àìgbọ́n ni. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Baálé ilé tó ń fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, tó sì ń bẹ ìyàwó lóṣooṣù, kò tíì bẹ̀bẹ̀. Kó sọ iye tó jẹ gan-an, kó sì jẹ́ kówó gba ọwọ́ ìyàwó títí tí ara á fi tu obìnrin náà.

Ẹ jọ̀ọ́, bí nǹkan bá wà tẹ́ ẹ fi pamọ́ fún ọ̀gá, oníbàárà, ọkọ tàbí aya yín, ẹ lọ sọ ọ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì wá sọ fún, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó bínú.