Core i7 Kì í Ṣe Oyè

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ewì lẹ ń retí lọ́wọ́ mi. Ẹ má bínú, ìjà ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ariwo "Core i7" tí gbogbo yín ń pa káàkiri họ́sítẹ́ẹ̀lì ti sú mi. Ẹni tó bá ti fẹ́ tún kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ ṣe, "i7 ni mo fẹ́" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. i5 ti di mẹ̀kúnnù, i3 sì ti di ẹrú. Ta ló pín ipò yìí fún wọn?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. "i7" lásán kò sọ nǹkan kan. Orúkọ ni. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ni oríkì, àwa tá à ń kọ́ Yorùbá sì mọ̀ pé oríkì ló ń sọ ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀ wá. Ẹ gbé i7-2600 wò. Ọdún 2011 ni Intel gbé e jáde. "2" tó ṣáájú nọ́ńbà yẹn ń sọ fún yín pé ìran kejì ni. Core 4 ló ní, thread 8. Ẹ wá gbé i3-12100 tó jáde ní 2022 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìran kejìlá, core 4, thread 8, iye kan náà gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n "ẹrú" yìí á sáré kọjá olóyè yẹn, á tún jókòó dè é níwájú, torí pé iṣẹ́ tí core rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ẹ dé Computer Village n'Ìkẹjà, kẹ́ ẹ wo bí sítíkà i7 ṣe ń ta ọjà àlòkù. Ẹni tó ń tà á ò purọ́ o. i7 ni lóòótọ́. Ìwọ ni o ò béèrè ìran rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ fáàrí lásán ni. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú Windows 10. Windows 11 ńkọ́? Tó bá jẹ́ ti Intel, láti ìran kẹjọ lọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí. Nítorí náà, i3-8100 wọlé, i7-7700 dúró síta. Ṣé ẹ gbọ́ mi yé? Ẹrú wọ ààfin, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ olóyè síta.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ẹnikẹ́ni kì í béèrè nípa motherboard. Processor ni gbogbo èèyàn ń kì, bẹ́ẹ̀ ayálégbé ni. Motherboard ló ni ilé. Socket ni ẹnu ọ̀nà. Bí ẹnu ọ̀nà ò bá gba ayálégbé, bó ṣe lówó tó kò kan onílé. Kódà kó tiẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, onílé ṣì lè ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, torí chipset àti BIOS náà ní ohùn tiwọn. Ẹ fẹ́ ẹ̀rí? Socket LGA 1151 jáde ní 2015 fún ìran kẹfà Intel, ìran keje náà sì gbé ibẹ̀. Nígbà tí ìran kẹjọ dé ní 2017, LGA 1151 náà ni wọ́n tún pe socket rẹ̀, ó rí bákan náà lójú, ṣùgbọ́n àfi motherboard tuntun tó ní chipset 300. Lánlọ́ọ̀dù wo ló ń ṣe báyìí, tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ bó ṣe wà, tó wá pààrọ̀ àgádágodo lóru? Ní 2020 ó di LGA 1200. Ní 2021 ó di LGA 1700. Ní 2024 ó di LGA 1851. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ti pààrọ̀ rẹ̀, àpò baba yín ló ń gbọ́ ọ.

Ẹ wá wo AM4 ti AMD tó jáde ní 2016. Ẹni tó ra motherboard B350 àti Ryzen àkọ́kọ́ ní 2017 lè yọ Ryzen yẹn lónìí, kó fi Ryzen 5000 rọ́pò rẹ̀, bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe motherboard náà bá ti gbé BIOS tó yẹ jáde. AMD náà kì í ṣe áńgẹ́lì o! Ní oṣù karùn-ún 2020, wọ́n ní motherboard oníchipset 400 ò ní gba Ryzen tó ń bọ̀ lọ́nà nígbà yẹn. Àwọn oníbàárà pariwo lé wọn lórí. Kí oṣù náà tó parí, AMD ti yí ohùn padà. Àwọn tó pariwo yẹn mọ orúkọ chipset wọn, ẹ̀yin ńkọ́?

Wọ́n á ní "AMD máa ń gbóná." Ti ọdún wo? Lóòótọ́, FX-9590 ti 2013 jẹ́ wáàtì 220, iná ọ̀run ni. Ṣùgbọ́n wáàtì 65 ni wọ́n kọ fún Ryzen 5 5600G. i9-14900K ti Intel, tẹ́ ẹ ń kì bí ẹni ń kì ọba, lè fa tó wáàtì 253 tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Ẹ gbé e sórí jẹnẹrétọ̀ kékeré yín kẹ́ ẹ wo bí epo á ṣe lọ. Lára ìran kẹtàlá àti kẹrìnlá olówó gọbọi yìí náà ni Intel ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ní 2024 pé fóltéèjì tó pọ̀ jù ń ba àwọn kan jẹ́, tó fi fi ọdún méjì kún gàráńtì wọn. Gàráńtì wo ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ra tirẹ̀ lórí àtẹ?

Ẹ tún ṣọ́ lẹ́tà F. i5-12400F máa ń dín lówó díẹ̀ ju 12400 lọ, inú yín á dùn. F yẹn ni pé kò ní graphics nínú; bẹ́ ẹ ò bá ra káàdì graphics lọ́tọ̀, mọ́nítọ̀ á kàn ṣókùnkùn mọ́ yín lójú ni. RAM náà ńkọ́? Nínú àwọn motherboard LGA 1700, òmíràn ń lo DDR4, òmíràn DDR5, ti ọ̀kan ò sì wọ inú èkejì.

Kí la tiẹ̀ fẹ́ fi ṣe gan-an? Èmi ń kọ ewì, mo ń fi àmì ohùn sí i, mo sì ń gé ohùn àwọn onírárà tá a lọ gbà sílẹ̀. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó ń béèrè core 24. Ẹni tó ṣì ń lo hard disk àtijọ́ tó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta, SSD ni kó kọ́kọ́ rà kó tó dárúkọ processor. Tó bá wá di dandan kẹ́ ẹ pààrọ̀, motherboard ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn. Tó bá jẹ́ tèmi, tówó ò bá pọ̀, B550 tó ní ojú RAM mẹ́rin ni màá rà, màá fi 5600G sí i. Graphics wà nínú tirẹ̀. Ẹni tówó rẹ̀ bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ bá AM5. DDR5 nìkan ló ń lò, ìyẹn náwó, àmọ́ AMD ti ṣèlérí pé àwọn á ṣì máa ṣe processor fún un títí di 2027 ó kéré tán.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó wá bá mi ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n kó kọ nọ́ńbà processor rẹ̀ àti orúkọ motherboard rẹ̀ sórí bébà kó tó wá. Mi ò gbọ́ "i7" lásán.