Àkọ́sórí Ọjọ́ Àìkú: Èdè Wo Ni A Fi Ń Kọ́ Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ èdè ni mo fẹ́ sọ lónìí, kì í ṣe ti ẹ̀sìn. Bí ènìyàn bá gba àdúgbò Agric kọjá ní Ìkòròdú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú (orúkọ àdúgbò náà pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì ni), yóò gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé tí ń ka àkọ́sórí láti ṣọ́ọ̀ṣì kan dé òmíràn. Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn fi ń kà á, nígbà tí àwọn òbí wọn ń gbọ́ ìwàásù ní Yorùbá lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Èmi lòdì sí ìyapa yìí.

Ìwé kíkà ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀ fún. Nígbà tí Robert Raikes bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Gloucester ní ọdún 1780, àwọn ọmọ tálákà tí ń fi ọjọ́ mẹ́fà ṣiṣẹ́ ni ó kó jọ, èdè tí wọ́n ń sọ nílé ni a sì fi kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́dọ̀ wa. Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1844 ó ṣe ìsìn ní Yorùbá ní Freetown. Odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Àgbàlagbà tí kò wọ ilé-ìwé rí a máa jókòó ti ìwé ABD lọ́jọ́ ìsinmi títí yóò fi lè dá Bíbélì kà. Irú àwọn ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀. Wọn kò lè ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ gbé Sáàmù lé wọn lọ́wọ́!

Àwọn olùkọ́ a máa sọ pé ọmọ ìsinsìnyí kò gbọ́ Yorùbá tó. Níbo ni kí ó ti gbọ́ ọ? Ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé ìparí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2018 sọ Yorùbá di dandan lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ kan láàárín ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni. Wákàtí ọjọ́ Àìkú wà lọ́wọ́ ìjọ, kò sí lọ́wọ́ mínísítà kankan. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá kò ní pàdánù ohunkóhun níbẹ̀. Èdè tí ó fi ń ṣeré ládùúgbò ni.

Ìṣòro kan wà tí n kò ní fi pa mọ́. Bíbélì àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ìjọ ṣì ń lò kò tẹ̀ lé àkọtọ́ 1974. “Aiye”, “enia” àti “nyin” ni ọmọ yóò bá níbẹ̀, nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé ti ní kí ó kọ “ayé”, “ènìyàn” àti “yín”. Àmì ohùn kò sì pé. Bí a bá kọ “ọkọ” láìfi àmì sí i, ṣé ọkọ ìyàwó ni, àbí ọkọ̀ Nóà, àbí ọkọ́ àgbẹ̀, àbí ọ̀kọ̀ ọmọ-ogun? Àgbà tí ó ti mọ ìtàn náà yóò kà á láìkọsẹ̀. Ọmọdé ni yóò dúró.

Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ àkọ́sórí ọ̀sẹ̀ sójú pátákó ní àkọtọ́ òde òní, kí ó fi àmì ohùn sí i, kí ọmọ kọ ọ́ lọ sílé, kí ó sì kà á sí ìyá àgbà létí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ dán an wò fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi bí ó bá ti rí.