Ẹ Jẹ́ Kí Ó Máa Kán

Ẹni tí ó bá ti lo ìgbà ọyẹ́ ní agbolé kan ní Pobè mọ ohun tí omi gbígbóná jẹ́. Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ni a ti ń gbọ́ ìró igi tí a ń ṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Ìkòkò dúdú ńlá a wà lórí ààrò, imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ àti èèpo èkùrọ́ a máa jó lábẹ́ rẹ̀, nítorí ìlú ọ̀pẹ ni ìlú wa. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí nípa ọ̀pẹ ti wà níbẹ̀. Àwọn arúgbó ni a kọ́kọ́ ń bu omi fún. Ìyá ìkókó ni ó tẹ̀lé wọn, ẹni tí wọn yóò fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ nínú. Àwa ọmọdé ni ìkẹyìn, bí ó bá ṣẹ́kù. Kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí í wọn ooru lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá àgbà ni òṣùwọ̀n.

Ohun kan wà nípa ìkòkò yẹn tí a kò fiyè sí nígbà náà: ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bí omi bá hó ju bí ó ti yẹ lọ, ooru rẹ̀ a rú jáde, omi a dà lé iná, ìyá àgbà a bínú, ọ̀rọ̀ a sì tán. Chauffe-eau tí ó gba ipò rẹ̀ nínú ilé wa lónìí, ìkòkò tí a dé pa ni. Ìyẹn ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, ìyá wa, ẹni ọdún 84, ránṣẹ́ pè wá pé omi tí ń jáde nínú chauffe-eau òun ti pọ́n bí omi osùn, kò sì gbóná mọ́. Àgbá lítà 50 ni, tí a gbé kọ́ ara ògiri balùwẹ̀, tí iná mànàmáná ń mú gbóná. A ra tuntun, a sì pe ọ̀dọ́mọkùnrin plombier kan ní àdúgbò, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àgbá àtijọ́ ni ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bàbá, ẹ wá wo nǹkan.”

Lábẹ́ àgbá, níbi tí omi tútù ti ń wọlé, irin kékeré kan wà tí èdè Faransé ń pè ní groupe de sécurité. Ó ní ẹnu kan tí omi díẹ̀ máa ń gbà kán sílẹ̀. Ẹnìkan ti gbẹ́ igi kì bọ ẹnu náà, ó sì fi rọ́bà taya kẹ̀kẹ́ dì í yípo. A bi màmá léèrè. Ó ní omi ń kán sílẹ̀ ní òròòwúrọ̀, ilẹ̀ balùwẹ̀ ń yọ̀, òun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Òun pe ẹni tí ń tún ọ̀pá omi ṣe, ó sì bá òun dí i. “Láti ìgbà náà, kò kán mọ́.” Inú rẹ̀ dùn bí ó ti ń sọ ọ́. Àwa kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Fún nǹkan bí ọdún méjì ni ìyá wa ti ń wẹ̀ lábẹ́ ohun tí ó lè bẹ́ lé e lórí, a sì ń wá kí i ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ láì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àgbá náà rí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé, nítorí a kò rò pé ilé ìyá wa nìkan ni wọ́n ti ṣe irú èyí. Bí omi bá gbóná, a máa wú. Omi lítà 50 tí ó wà ní 25°C, bí a bá mú un dé 60°C, yóò fi ohun tí ó lé ní ìlàjì lítà pọ̀ sí i. Níbo ni ìlàjì lítà yìí yóò gbà? Irin àgbá kì í fà bí awọ, omi kò sì ṣeé fún mọ́ra bí òwú. Kò lè padà sínú ọ̀pá tí ó gbà wọlé, nítorí inú groupe de sécurité kan náà ni ilẹ̀kùn kékeré kan wà tí í jẹ́ kí omi wọlé, tí kì í jẹ́ kí ó padà. Agbára omi yóò máa ga nínú àgbá títí yóò fi dé bar 7. Níbẹ̀ ni ressort yóò ti yẹ̀ fún un, omi yóò sì kán. Kíkán yìí kì í ṣe àìsàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Bí a bá dí i, àgbá ni yóò máa gba gbogbo ìnira náà mọ́ra lójoojúmọ́, títí ojú ìsopọ̀ kan yóò fi là. Èyí tí ó sàn nìyẹn. Èyí tí ó burú ni kí thermostat, ẹ̀rọ tí í pa iná nígbà tí omi bá gbóná tó, bàjẹ́, kí iná sì máa jó lọ. Nínú àgbá tí a dí pa, omi lè kọjá 100°C láì hó, nítorí agbára tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kò gbà fún un. Ọjọ́ tí irin bá ya, yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà. Lítà omi kan tí ó bá di ooru tí ń rú a máa gba àyè nǹkan bí lítà 1,600. Ògiri balùwẹ̀ kò lè dúró níwájú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a bí ní ìtòsí Blois ní 1647, ni ó ṣe ìkòkò irin tí a dé pa, tí ó fi ń se egungun títí yóò fi rọ̀. Ó fi í han àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1679. Ó mọ̀ pé ìkòkò bẹ́ẹ̀ lè bẹ́, ó sì lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ó fi ọ̀pá tí ó so nǹkan wúwo mọ́ tẹ ihò náà: bí ooru bá pọ̀ jù, a ti ọ̀pá sókè, a jáde. Gbogbo cocotte-minute tí ń fọn fèrè ní ilé ìdáná wa, ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó ń gbé inú caravane ní Yúróòpù sọ fún wa pé chauffe-eau kékeré inú ti òun pàápàá ń kán nígbà tí ó bá ń gbóná, òun sì ti fẹ́ lọ dá a padà fún ẹni tí ó tà á. A ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́.

Ní ti iṣẹ́ náà, a pa disjoncteur, a ti omi, a ṣí ẹnu omi gbígbóná kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, a sì da omi àgbá àtijọ́ nù. Ẹrẹ̀ funfun àti ìpẹtà ni ó tẹ̀lé e. Bóòtù tuntun ni a kàn mọ́ ògiri, nítorí omi nìkan yóò wúwo tó kìló 50. Òrùka búlúù ni ti omi tútù, pupa ni ti gbígbóná. Groupe de sécurité tuntun ni a so mọ́ ti búlúù ní tààràtà, láì fi robinet kankan sáàárín rẹ̀ àti àgbá, kí ọmọdé má baà ti í lọ́jọ́ kan. Ní ti pupa, raccord diélectrique ni a fi sáàárín irin àgbá àti ọ̀pá bàbà; bí irin àti bàbà bá fara kan ara wọn nínú omi, irin ni yóò jẹ run. Lábẹ́ ẹnu tí ń kán ni a fi siphon sí, a fi àyè sílẹ̀ lókè rẹ̀ kí ojú lè máa rí omi náà, a sì fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gba ara ògiri jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ì bá ti ṣe nìyẹn.

A rọ omi kún àgbá, títí omi fi ń jáde láì tutọ́ afẹ́fẹ́, kí a tó tan iná. Bí àgbá bá ṣófo, résistance yóò jó. Okùn tí ó wọ ilẹ̀ wà níbẹ̀, disjoncteur différentiel 30 mA sì ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Plombier wa fẹ́ yí ooru rẹ̀ dé òpin. A kọ̀, 60°C ni a fi í sí. Nínú omi tí ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní Legionella ti ń bí sí i, èyí tí a dá mọ̀ lẹ́yìn àìsàn tí ó kọlu ìpàdé àwọn ológun àtijọ́ ní Philadelphia ní 1976. Ṣùgbọ́n bí ó bá ga jù, awọ arúgbó ni yóò san gbèsè rẹ̀. Kódà ní 60°C, ìṣẹ́jú àáyá 5 tó láti bó ènìyàn lára. A wá gba màmá níyànjú pé omi tútù ni kí ó kọ́kọ́ máa rọ sí garawa. Ó wò wá tìyanu-tìyanu. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, èmi ni ẹ fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fi tútù bu gbígbóná là?”

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ lónìí. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ yí ọwọ́ groupe náà kí omi tú jáde díẹ̀, kí ẹfun omi má baà dì í pa. Bí ẹ bá sì pe oníṣẹ́ tí kò gbọ́ Yorùbá, ẹ wí fún un pé: « Ne bouchez jamais le groupe de sécurité. »

Màmá gbé àwo kan sí ẹnu ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, omi inú rẹ̀ ni ó fi ń rin efinrin rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó pè wá lórí fóònù: “Kò kán lónìí o.” A gun zémidjan, a sáré dé ibẹ̀. Ó ti pa disjoncteur fúnra rẹ̀ kí a tó dé. A yí ọwọ́ groupe náà, omi tú jáde, kò sí ohun tí ó ṣe é. Iná ni kò sí ní gbogbo òru. Omi kò gbóná, kò wú, kò ní ohun tí yóò kán. Màmá ti dáná sí ààrò. A jókòó tì í, à ń retí kí omi ìkòkò gbóná.