Ẹni Tó Sanra Kì Í Ṣe Kípà Nìkan

Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí wọ́n máa ní kí n ṣe bí a bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù: kípà. Mo sanra, ọ̀rọ̀ sì bùṣe. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá mo lè gbá bọ́ọ̀lù. Ìdí nìyí tí géèmù àtijọ́ kan tí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá fi hàn mí lórí Nintendo Switch rẹ̀ fi wọ̀ mí lọ́kàn.

Ice Hockey lorúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Nintendo ló gbé e jáde ní 1988. Orílẹ̀-èdè 6 ló wà nínú rẹ̀, méjì nínú wọn, Soviet Union àti Czechoslovakia, kò sì sí mọ́ láyé. Kípà kan àti agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Orí yìnyín ni wọ́n ti ń sáré, róbà pẹlẹbẹ kan ni wọ́n sì ń fi ọ̀pá gbá dípò bọ́ọ̀lù.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ ni wàá yan irú ara tí àwọn mẹ́rin yẹn máa ní. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Ẹni tó tínrín yára gan-an, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọlù ú, ó di ilẹ̀, róbà tó bá gbá kò sì le. Ẹni tó sanra ń wọ́ bí ìgbín, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti tì í ṣubú, bó bá sì gbá róbà, kípà á mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Ẹnì kẹta wà láàárín àwọn méjèèjì.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo fi ìbínú yan ẹni tó sanra mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi yan ẹni tó tínrín mẹ́rin. Ẹ̀yìn wọn nìkan la ń rí! Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo yan tínrín méjì, àárín kan, sísanra kan. Ẹni tó tínrín gba róbà, ó tì í fún ẹni tó sanra, ó di góòlù. Ọ̀rẹ́ mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù bọ́ọ̀lù òde òní, nọ́ńbà wà lórí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ẹni tí tirẹ̀ bá sì pọ̀ jù ni gbogbo wa ń sá tọ̀. Nínú eyí, kò sẹ́ni tó dára jù. Géèmù náà kò ṣàánú ẹni tó sanra, kò sọ ọ́ di ẹni tó lè sáré. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ló fún un.

Ó ní àbùkù o. Bọ́tìnì kan náà tó ń darí agbábọ́ọ̀lù ló ń darí kípà, nítorí náà bí o ṣe ń lé róbà lókè, kípà rẹ ń ṣí kúrò lójú ọ̀nà. Yàtọ̀ sí èyí, ìdíje kan lẹ́yìn òmíràn náà ni, kò sí líìgì tó o máa lé títí dé ìparí.

Síbẹ̀, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, pàápàá ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ gbá géèmù oníkáséètì nígbà èwe yín. Ẹni tó bá sì máa yan ẹgbẹ́ ẹ̀ka wa fún ìdíje tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi mí léèrè kẹ́ ẹ tó nawọ́ sí ẹnu ilé.