Ilé Àtijọ́ ní Ìgbèríko Ítálì
Ní ìgbèríko Turin, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti fi oko sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì láti lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Fiat, àwọn ilé oko àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní cascina ṣì dúró gbọn-in gbọn-in, ògiri wọn nípọn débi pé ooru kì í tètè ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n tibi tire la dá ilé ayé: bí òtútù bá dé, ọ̀rinrin a gba ara ògiri gòkè, òrùlé a jò, owó igi ìdáná a sì di ẹrù. Síbẹ̀, ìgbèríko Arquà, lórí òkè ìtòsí Padua, ni Petrarch, àgbà akéwì, yàn láti máa gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 1374. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ há mọ́ yàrá tóóró nígboro, ẹ ro gbígbé nírú ilé oko bẹ́ẹ̀ wò, bí ẹ bá ti ní ọkọ̀ tí yóò gbé yín dé ibi iṣẹ́.